OGÚN WÁKÀTÍ LỌ́SẸ̀: ÀDÉHÙN TÍ AKẸ́KỌ̀Ọ́ BÁ ÌLÚ ỌBA ṢE

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti àwọn òbí wọn sọ ní Ìkòyí, Èkó)

  

Orí ọ̀rọ̀ tí a yàn lónìí kì í ṣe èyí tí a máa ń gbọ́ nígbà gbogbo ní irú àpèjọ báyìí, ṣùgbọ́n ó kan ọ̀pọ̀ nínú wa. Láti ibi tí a jókòó sí yìí, ọ̀nà kò jìn dé ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù tí ó wà ní Alágbọn. Ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá lówùúrọ̀ yóò rí àwọn ọmọ wa tí wọ́n di fáìlì mọ́ àyà. Púpọ̀ nínú wọn ń múra àtilọ kàwé ní òkè òkun. Wọ́n mọ orúkọ yunifásítì tí wọ́n ń lọ, wọ́n sì mọ iye owó ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni iye wákàtí tí òfin gbà wọ́n láàyè láti fi ṣiṣẹ́ gbowó bí wọ́n bá débẹ̀, àti ohun tí ó lè tìdí rẹ̀ yọ bí wọ́n bá kọjá rẹ̀. Èyí ni a fẹ́ là yé ara wa kí ẹnikẹ́ni tó gbéra, nítorí ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

ÌGBÀ ÀWỌN BÀBÁ WA

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kan. Nínú ọ̀pọ̀ agboolé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bàbá àgbà kan wà tí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láyé àtijọ́, tí ó ń fi ọ̀sán ṣiṣẹ́, tí ó ń fi òru kàwé, títí ó fi di lọ́yà. Ìtàn náà kì í ṣe irọ́. Ní ọdún 1925 ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí a mọ̀ sí WASU. Nígbà náà, Èkó jẹ́ ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Òfin tí ìjọba náà ṣe ní ọdún 1948 ka ọmọ tí a bí ní Èkó sí ọmọ-ìlú wọn, tí ó lè wọ Ìlú Ọba kí ó sì ṣe iṣẹ́ tí ó bá rí, láìsí ẹni tí ó ń ka wákàtí rẹ̀.

Ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1962 ni ilẹ̀kùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ọjọ́ náà ni òfin tí ó fi ààlà sí ìwọlé àwọn ọmọ ilẹ̀ Commonwealth bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òfin mìíràn sì ti gorí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí bàbá àgbà bá sọ pé iṣẹ́ òru ni òun fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ òun, òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ìmọ̀ràn rẹ̀ wọ bàálù lónìí, òfin ìgbà àtijọ́ ni ó kó lọ.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ìlànà físà akẹ́kọ̀ọ́ tí Ìlú Ọba ń lò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Lábẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ ka ẹ̀kọ́ oyè ní yunifásítì lè ṣiṣẹ́ fún 20 wákàtí lọ́sẹ̀ nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tó ti oyè ní 10 wákàtí. Ẹni tí ó ń fi ìwọ̀nba àkókò kàwé kò ní àyè láti ṣiṣẹ́ rárá. Iye tí ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wà nínú àkọsílẹ̀ físà rẹ̀. Ohun tí ó bá wà níbẹ̀ ni kí á tẹ̀ lé, kí á má ṣe tẹ̀ lé ohun tí ọ̀rẹ́ sọ.

Òfin tilẹ̀ túmọ̀ ohun tí ọ̀sẹ̀ jẹ́: ọjọ́ méje tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Àtìní, tí í ṣe Mọ́ńdè, tí ó sì parí ní ọjọ́ Àláádì. A kì í ro ọ̀sẹ̀ kan mọ́ òmíràn. Ẹni tí ó ṣe wákàtí 10 lọ́sẹ̀ yìí, tí ó ṣe 30 lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, kò lè sọ pé ogún-ogún ni òun ṣe. Ọ̀sẹ̀ kejì yẹn ti rú òfin. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní ibi méjì, a ó ro wákàtí ibi méjèèjì pọ̀. Kódà iṣẹ́ tí a kò sanwó rẹ̀ wà nínú ìṣirò, bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fún ẹni náà ní ojúṣe bí òṣìṣẹ́.

Àwọn iṣẹ́ kan sì wà tí òfin kà léèwọ̀ pátápátá, ìbáà ṣe wákàtí kan péré. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ dá òwò sílẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ àdáni. Ọ̀dọ́bìnrin tí ó ń di irun fún àwọn ará àdúgbò, tí ó ń gbowó rẹ̀, ti wọ inú èèwọ̀ náà. Ẹni tí ó ń ra àǹkárá láti Balógun, tí ó ń tà á fún àwọn ará wa ní Peckham, ti wọ inú rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri fún irú iléeṣẹ́ bíi Deliveroo, nítorí pé ẹni tí ó dá dúró ni iléeṣẹ́ náà kà á sí. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè ṣe òṣèré tàbí eléré ìdárayá tí ń gbowó. Kí ó tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ alákòókò-kíkún tí kò ní òpin.

IBI TÍ ONÍ-MÁSÍTÀ TI Ń KỌSẸ̀

Nígbà ìsinmi, òfin fi àyè sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ṣiṣẹ́ kọjá ogún wákàtí. Ìhìn-ín gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ẹni tí ó ń ka oyè àkọ́kọ́ ní ìsinmi gígùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ṣùgbọ́n oyè Másítà ọlọ́dún kan ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ọmọ wa ń lọ kà, oní-Másítà kò sì sábà ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Oṣù wọ̀nyẹn ni ó fi ń kọ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀, yunifásítì sì kà á sí sáà ẹ̀kọ́. Bí gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ tilẹ̀ dá páropáro, tí kò sí olùkọ́ kankan tí ó ń pè é, ogún wákàtí náà ṣì ni tirẹ̀. Ìwé ọjọ́ sáà tí yunifásítì fúnra rẹ̀ gbé jáde ni ẹ̀rí, agbanisíṣẹ́ pàápàá sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà rẹ̀ nípamọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè fún un kí ó tó gba wákàtí kan lé ogún.

Ẹ JẸ́ KÍ Á ṢE ÌṢIRÒ

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2026, owó iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ ní Ìlú Ọba fún ẹni tí ó ti pé ọdún 21 jẹ́ pọ́n-ùn 12.71 fún wákàtí kan. Ogún wákàtí yóò mú pọ́n-ùn 254.20 wá lọ́sẹ̀. Bí ọmọ náà bá ṣe é ní gbogbo ọ̀sẹ̀ 52 tí ó wà nínú ọdún, láìṣàìsàn, láìsinmi fún ìdánwò, tí a sì pín in sí oṣù méjìlá, kò tó pọ́n-ùn 1,102 lóṣù kí wọ́n tó yọ owó orí.

Ní òdìkejì, ẹ wo iye tí ìjọba Ìlú Ọba fúnra rẹ̀ sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ nílò fún ilé àti oúnjẹ. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ń béèrè ẹ̀rí pọ́n-ùn 1,529 fún oṣù kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tí yóò kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, àti 1,171 lọ́wọ́ ẹni tí yóò kà á ní ìlú mìíràn, títí dé oṣù mẹ́sàn-án. Owó ilé-ẹ̀kọ́ kò sí nínú rẹ̀. Ó yé wa báyìí pé ẹni tí ń gba owó tí ó kéré jù, bí ó lo wákàtí rẹ̀ tán, kò tíì rí iye tí ìjọba sọ pé ó tó fún jíjẹ àti sísùn. Níbo ni owó ilé-ẹ̀kọ́ yóò ti wá jáde? Iṣẹ́ ogún wákàtí lè ra oúnjẹ, kò lè ra oyè. Ìdí nìyí tí òfin kò fi gbà kí á ka owó iṣẹ́ tí a ń retí níbẹ̀ mọ́ owó tí a fi ń tọrọ físà.

OWÓ ỌJỌ́ MÉJÌDÍNLỌ́GBỌ̀N

Owó tí a fi tọrọ físà gbọ́dọ̀ wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 láìdín. Àṣà kan sì ti gbilẹ̀ láàárín wa. A ó yá owó náà, a ó san èlé lé e, yóò jókòó sí àkáǹtì fún ọjọ́ 28, olówó yóò sì gbà á padà ní kété tí físà bá jáde. Kí á má tilẹ̀ tíì sọ ti èlé, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín mọ ìdájọ́ rẹ̀ nínú ẹ̀sìn wa. Ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí ọ̀nà náà ń já sí.

Ẹ jẹ́ kí á pe ọmọ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Lágbájá. Lágbájá dé Manchester lóṣù Kẹsàn-án pẹ̀lú ìwé tí ó sọ pé ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n kò ju owó oṣù kan lọ lápò rẹ̀. Onílé ń béèrè owó. Yunifásítì ń béèrè ìdá kejì owó ilé-ẹ̀kọ́ kí oṣù Kìíní tó parí. Ogún wákàtí kò gbé e. Nígbà náà ni ẹnì kan yóò yọ sí i pẹ̀lú ìmọ̀ràn pé kí ó wá máa fi orúkọ òun ṣiṣẹ́ lóru. Bí Lágbájá bá gbà, gbogbo ayé yóò ní Manchester ni ó ti rú òfin. Èkó ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ tí ìdílé rẹ̀ yá owó tí kì í ṣe tiwọn.

A kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó ṣubú ni ó jẹ́ aláìṣòótọ́. Kí ìjọba Nàìjíríà tó tú okùn lọ́rùn náírà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí náírà 470 lọ ní iye ti ìjọba. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá náírà 1,500. Ìdílé tí ó ti tọ́jú owó ọdún kan pátá rí i pé owó náà ti di ti oṣù díẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, a gbọ́ ti àwọn ọmọ Nàìjíríà ní yunifásítì Teesside, ní Middlesbrough, tí wọ́n pàdánù àyè ẹ̀kọ́ wọn nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn kò rí san bọ́ sákòókò, tí wọ́n sì gba ìwé pé kí wọ́n kúrò ní Ìlú Ọba. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ kọjá ohun tí iṣẹ́ ogún wákàtí lè dí. Owó tí ó bá wà ní náírà lónìí kò tíì di pọ́n-ùn, ohun tí ó sì wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

ẸNI TÍ Ó BÁ KỌJÁ ÀÀLÀ

Ẹnì kan lè wí pé, “Ta ni yóò mọ̀?” Láti ọdún 2013 ni àwọn agbanisíṣẹ́ ní Ìlú Ọba ti ń fi iye tí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí HMRC, iléeṣẹ́ owó orí, ní ọjọ́ tí wọ́n bá sanwó tàbí ṣáájú rẹ̀. Home Office, iléeṣẹ́ tí ó ń fúnni ní físà, lè wo àkọsílẹ̀ náà. Ọmọ lè gbàgbé ọ̀sẹ̀ tí ó fi ṣe wákàtí 32, ìwé kò ní gbàgbé. Yunifásítì pàápàá, tí ó dúró fún akẹ́kọ̀ọ́ níwájú ìjọba, gbọ́dọ̀ fi tó Home Office létí bí ó bá mọ̀ pé ó ń rú àdéhùn físà rẹ̀. Wọ́n lè gba físà náà, ẹ̀kọ́ á dúró lágbede méjì, owó tí a ti san á sì wà lọ́hùn-ún.

Òfin ìwọ̀lú ti ọdún 2016 tún sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn kí ènìyàn máa ṣe iṣẹ́ tí ìwé rẹ̀ kò gbà fún un. Ẹ̀wọ̀n wà nínú rẹ̀, ìjọba sì lè gba owó iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é. Ní ti agbanisíṣẹ́, láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni owó ìtanràn ti lè tó pọ́n-ùn 45,000 lórí òṣìṣẹ́ kan, tàbí 60,000 fún ẹni tí ó tún un ṣe. Agbanisíṣẹ́ tí ó mọ èyí kò ní fi ara rẹ̀ wéwu nítorí ọmọ wa.

Ẹni tí ó ń fi orúkọ ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ ni ó tilẹ̀ wà nínú ewu jù. Àkáǹtì onílé-orúkọ ni owó ń lọ. Bí onítọ̀hún bá gbé ìdajì lé e lọ́wọ́, tàbí tí kò fún un ní kọ́bọ̀, ta ni yóò fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn? Ẹni tí ó gba owó dúdú lọ́wọ́ láìsí ìwé wà nínú ọkọ̀ kan náà. Bí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rù àtisọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ yóò bà á.

ÀDÉHÙN NI

Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń sọ pé òfin náà kò ṣe déédéé, pé ìlọ́po owó tí ọmọ onílé ń san ni a ń gbà lọ́wọ́ àlejò, tí a sì tún so ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe òfo. Owó tí àlejò ń san pọ̀ ju ti onílé lọ ní tòótọ́. Ẹni tí ó bá rí i bẹ́ẹ̀ lè yan orílẹ̀-èdè mìíràn tàbí kí ó kàwé nílé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gba físà, tí ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, tí ó sì fi í wọ ìlú wọn, ti bá wọn ṣe àdéhùn. Súrà al-Mā’idah bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ fún onígbàgbọ́ nípa mímú àdéhùn ṣẹ, kò sì yọ àdéhùn tí a bá ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí ṣe sílẹ̀. Ànábì, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, ka yíyẹ àdéhùn mọ́ àmì àwọn munáfíkì. Owó tí a bá fi irọ́ àti orúkọ olórúkọ wá, ṣé a lè fi ọkàn balẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ìyá wa nílé kí ó fi ṣe sàárì?

Ìlú Ọba nìkan kọ́ ni ó ní ààlà. Ní Kánádà, wákàtí 24 lọ́sẹ̀ ni ààlà iṣẹ́ lẹ́yìn ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ láti oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Ní Ọsirélíà, wákàtí 48 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni láti oṣù Keje ọdún 2023. Ní Jámánì, odindi ọjọ́ 140 lọ́dún ni láti oṣù Kẹta ọdún 2024. Ní Amẹ́ríkà, ogún wákàtí ni nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ, inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ sì ni a ti gbọ́dọ̀ ṣe é ní ọdún àkọ́kọ́. Kò sí èyí tí ó gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ fi iṣẹ́ ṣe olórí, kí ó fi ẹ̀kọ́ ṣe ìrù.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ka àkọsílẹ̀ físà yín kí ẹ tó wá iṣẹ́, ẹ sì ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ wákàtí yín sí láti Àtìní dé Àláádì. Ẹ pa gbogbo ìwé owó-iṣẹ́ yín mọ́. Bí ọ̀gá bá bẹ̀ yín pé kí ẹ fi wákàtí díẹ̀ ràn án lọ́wọ́, ẹ fi ìwé hàn án. Bí owó bá sì dínkù lójijì, ẹ tètè lọ bá ọ́fíìsì tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè ní yunifásítì yín kí ọjọ́ ìsanwó tó kọjá, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fún yín ní àkókò sí i. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ṣáájú sàn ju ẹni tí a wá mú lọ.

Ẹ rántí pé ohun kan ń bẹ níwájú. Láti ọdún 2021, ẹni tí ó parí oyè rẹ̀ lè tọrọ físà tí yóò fi ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba fún ọdún méjì láìsí ààlà wákàtí. Fún ẹni tí yóò tọrọ rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2027, yóò di oṣù 18, bí kò ṣe ẹni tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé, tí ó ní ọdún mẹ́ta. Ta ni ó yẹ kí ó fi èyí tafà nítorí wákàtí méjìlá àṣelé?

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe ta ilé kan ṣoṣo kí ẹ wá retí pé iṣẹ́ ọmọ yóò rà á padà láàárín ọdún kan. Ẹ má ṣe máa pè é nígbà sáà ẹ̀kọ́ pé kí ó fi owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ìpè bẹ́ẹ̀ ti lé kọjá ogún wákàtí, nítorí ojú ń tì wọ́n láti sọ pé àwọn kò ní. Ẹ sì mọ̀ pé láti oṣù Kìíní ọdún 2024, ẹni tí ó ń lọ ka oyè Másítà lásán kò lè mú aya tàbí ọkọ àti ọmọ lọ mọ́. Kò sí owó-iṣẹ́ ẹnì kejì tí yóò ti tirẹ̀ lẹ́yìn.

Bí owó kò bá tíì tó, kí á dúró ọdún kan sí i. Ẹni tí ó lọ ní ọdún tí ń bọ̀ pẹ̀lú owó tirẹ̀ yóò kàwé, yóò sùn lóru, yóò sì lè fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ṣiṣẹ́.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní jíǹkí àwọn ọmọ wa, kí ó fi arísìkí halálì bùkún wọn, kí ó sì mú àwọn tí ó wà lọ́nà àjò padà wá sílé láyọ̀. Āmīn.